Iye Ṣíà Bàbá Mi Lọ́jọ́ Sátidé

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì yàrá mi ní Òkòkómáíkò níbí. Mo mọ̀ pé ẹ kò rí mi, ṣùgbọ́n ẹ bá mi gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ kú ojú lọ́nà. Ẹ kú àtìgbà tí mo ti kúrò nílé. Mo kí Bàbá Kékeré, mo kí Sìdí àbúrò mi àti ọkọ rẹ̀, mo kí gbogbo ìyàwó ilé wa ní Ìmẹ̀kọ. Mo kí Bàbá Tíṣà lọ́tọ̀, nítorí àwọn ni yóò ka ìwé yìí síta lábẹ́ igi máńgòrò, bí wọ́n ṣe máa ń ka ìwé ìròyìn fún gbogbo àdúgbò. Bàbá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ rọra kà á. Ẹ má fo ibì kankan, títí kan ibi tí mo ti máa bá yín wí díẹ̀.

Ìyá mi, mo mọ̀ pé yóò yà yín lẹ́nu pé inú ìwé ìròyìn ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, tí n kò fi lẹ́tà rán awakọ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó nídìí. N óò sọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ mi tó parí.

Ara mi le, mo dúpẹ́. Iṣẹ́ ẹrù rírù ni mo ṣì ń ṣe ní Alábà. Alábà tí wọ́n ti ń ta rédíò àti tẹlifíṣàn ni mò ń wí, kì í ṣe Alábà Rago tí wọ́n ti ń ta àgbò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjà méjèèjì fara kan ara wọn. Bí ọkọ̀ bá ti já páálí sílẹ̀, àwa la ó gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù. Íbò ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, èdè wọn ni wọ́n sì ń sọ láàárín ara wọn. Èmi kì í gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n á pè mí ní "Yorùbá", wọ́n á nawọ́ sí ibi tí n óò gbé ẹrù sí, ó parí. Ìyá mi, mo lè ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ mi. Ìgbà mìíràn wà tí mo máa ń pe ara mi ní Gàníyù nínú yàrá, kí n kàn gbọ́ bó ṣe ń dún. Ẹ má rẹ́rìn-ín mi o. Sìdí, mo mọ̀ pé o ti ń rẹ́rìn-ín.

Ilé tí mò ń gbé, yàrá kọjú sí yàrá ni, kọ̀rídọ̀ kan ló wà láàárín wa. Nígbà òjò, omi máa ń gba ojú títì Ìbà wọlé wá bá wa, gbogbo ayálégbé á sì jáde tòun ti korobá láti gbọ́n ọn. Kí n má purọ́, mo fẹ́ràn ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ náà nìkan ni a máa ń bá ara wa sọ̀rọ̀, tí a máa ń bú gómìnà, tí a máa ń bú onílé, tí ìyá kan ní yàrá iwájú máa ń gbé tíì jáde fún gbogbo wa. Bí omi bá ti fà tán, oníkálukú á ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ní báyìí, ọyẹ́ ti dé. Ètè mi ti là, ilẹ̀ gbẹ táútáú, kò sì sí omi tí a óò jọ gbọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ọ̀rọ̀ tí gbogbo yín ń retí.

Gbogbo yín lẹ rántí ìwé tí bàbá mi mú bọ̀ láti ibi iṣẹ́ wọn ní ọ̀nà Badagry, níbi tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ oníke, nígbà tí àìsàn dá wọn padà wálé. Bàbá Tíṣà ló kà á fún wa. Wọ́n gbé gíláàsì wọn sókè, wọ́n ní ṣíà ni, ìyẹn ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n ní owó ńlá ni, wọ́n ní ilé tí bàbá mi kọ́ dé ojú fèrèsé, ìwé yìí ni yóò fi páànù bò ó. Inú gbogbo wa dùn. Nígbà tí bàbá mi wá papò dà, lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, mo dìde láàárín àwọn èèyàn, mo ní mò ń lọ sí Èkó, mo ní n kò ní padà wálé àfi tí mo bá gba nǹkan bàbá mi lọ́wọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó rán mi. Kò sẹ́ni tó bèèrè lọ́wọ́ mi. Ẹnu ló yá mi, àwọn èèyàn sì ṣe àmín, ọ̀rọ̀ náà sì di ẹ̀jẹ́ sí mi lọ́rùn.

Bàbá Tíṣà, ibi tí mo ti máa bá yín wí nìyí. Ìwé yẹn kì í ṣe ṣíà. Ẹ̀tọ́ láti ra ṣíà ni. Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n fi àgbò ṣàlàyé ẹ̀. Ká ní ẹ lọ bá olówò àgbò nígbà tí Iléyá ṣì jìnnà, ẹ jọ fẹnu kò sí iye kan. Bí Iléyá bá dé tán tí àgbò gbówó lórí, iye tí ẹ ti jọ sọ náà lẹ máa san, ẹ sì ti jèrè. Bí àgbò bá wálẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fi dandan mú yín. Ẹ óò fi tirẹ̀ sílẹ̀, ẹ óò lọ ra ti olówò mìíràn. Báyìí gẹ́lẹ́ ni ìwé bàbá mi ṣe rí. Ó ní iye tí ṣíà ilé-iṣẹ́ náà ń tà lọ́jọ́ tí bàbá mi tẹ̀ka sí i ni wọ́n máa fi rà á, tí kò bá ṣáà ti kọjá òpin ọdún tí a wà yìí. Ó ní bí wọn kò bá sí mọ́, ará ilé wọn lè rà á. Gbogbo ìyẹn ló wà nínú ìwé. Iye náà gan-an ni wọn kò kọ síbẹ̀.

Mo lọ bá ọ̀gá tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ náà. Ará Ẹ̀gbá ni, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó rántí bàbá mi. Ó ní omi òjò wọ yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí, pé àwọn fáìlì àtijọ́ ti di ẹ̀kọ. Ó ní bí mo bá lè rí ìwé ìròyìn tó gbé iye ṣíà ọjọ́ náà jáde, òun á gbà á bí ẹ̀rí. Ó ṣí ìwé ìròyìn kan, ó fi ojúewé tí wọ́n to orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ sí hàn mí, pẹ̀lú iye wọn ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó tún ní tí iye ọjọ́un bá kéré sí ti òní, àwọn alágbàtà lè bá wa rà á kí wọ́n tún un tà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n kó èrè rẹ̀ fún wa, a ò ní nílò láti wá owó ńlá kan. Mo dúpẹ́ títí. Mo rò pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni.

Ìyá mi, ìwé ìròyìn kì í pẹ́ láyé ní Èkó. Wọ́n á kà á láàárọ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó ti di ohun tí wọ́n fi ń wé àkàrà. Ẹni tó bá sì fẹ́ rí ti àtijọ́, àfi kó lọ bá àwọn tó ń tà á fún oníṣúyà. Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Máláàmù Sáni nìyẹn, ní Alábà Rago. Ẹ̀gbẹ́ ọgbà àgbò ló jókòó sí. Ìdì ìdì ni wọ́n ń gbé ìwé ìròyìn wá fún un láti báráàkì Ọ̀jọ́, nítorí àwọn ọ̀gá ṣójà máa ń ra ìwé ìròyìn lójoojúmọ́. Òun á sì wọ̀n ọ́n fún àwọn oníṣúyà. Ó gbà kí n máa jókòó tú u lẹ́yìn iṣẹ́. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni orúkọ mi. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Gàní, á pè é láti òkèèrè, láàárín ariwo àgbò, gbogbo wọn ni yóò yíjú wò mí. Nígbà tí mo sọ ohun tí mò ń wá fún un, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ti rí ẹni tó ń wá àgbò, òun ti rí ẹni tó ń wá owó àgbò, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá iye tí wọ́n ta àgbò láti ọjọ́ pípẹ́, èmi ni òun kọ́kọ́ rí. Síbẹ̀, bí wọ́n bá gbé ìdì tuntun dé, á yà á sọ́tọ̀ dè mí.

Ọjọ́ Sátidé ni bàbá mi tẹ̀ka sí ìwé náà. Wọ́n máa ń ṣiṣẹ́ ní Sátidé níbẹ̀. Èmi wá rò ó pé bí wọ́n ṣe máa ń gbé èsì bọ́ọ̀lù Sátidé jáde lọ́jọ́ Sọ́ńdè, bẹ́ẹ̀ náà ni wọn yóò ṣe gbé iye ṣíà Sátidé jáde lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ìwé ìròyìn Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ náà ni mò ń wá. Púpọ̀ nínú àsìkò òjò ni mo fi wá a. Bí ọwọ́ mi bá ba ti Sátidé, màá jù ú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bó bá ba ti Mọ́ńdè, ẹ̀gbẹ́ kejì.

Mo wá rí i. Iléyá ti sún mọ́lé nígbà náà, Alábà Rago kún, èèyàn kò lè rí ibi fẹsẹ̀ sí fún àgbò. Mo ṣí i níbẹ̀ gan-an. Bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀. Àwòrán ìgbéyàwó wà níbẹ̀. Òkú àwọn olówó wà níbẹ̀ lóríṣiríṣi. Kò sí ojúewé ṣíà. Mo tún un ṣí láti ẹ̀yìn wá síwájú. Àárín ìwé náà ti já, ó ń mì dirodiro, nǹkan sì sọ sí mi lọ́kàn pé wọ́n ti yọ ojúewé tèmi lò. Ìyá mi, mo pariwo. Mo ní àwọn èèyàn Máláàmù ti fi ogún bàbá mi wé ẹran jẹ. Ojú àwọn oníbàárà rẹ̀ ni mo ti sọ ọ́, mo tún fi ẹ̀yà rẹ̀ bú u, ọ̀rọ̀ tí n kò ní lè tún sọ síbí. Ó wò mí. Ó kàn padà sórí ẹní rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí mi.

N kò débẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ Iléyá, mo kírun ní Igbó-Elérin, mo kí àwọn tó wà lọ́tùn-ún àti lósì mi, wọ́n kí mi padà, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn. Mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dúńbú àgbò ní àgbàlá ilé kejì, tí àwọn ọmọdé ń hó. Mo jẹ gàrí. Ẹ̀yin ránṣẹ́ lẹ́yìn Iléyá pé ta ni mo bá ṣọdún, mo sì ní kí awakọ̀ sọ fún yín pé èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ni. Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní, mo ti bú u dànù. Láti ìgbà náà títí tí òjò fi dáwọ́ dúró, iṣẹ́ àti oorun nìkan ni mo mọ̀. Mo ti gbà pé ojúewé náà ti bá súyà lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ yìí, mo dúró níbi tí Lékè ti ń ta ìwé ìròyìn ní Ìyànà-Ìbà. Ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ Abẹ́òkúta kan báyìí ni, ẹnu rẹ̀ kò dùn, ṣùgbọ́n kì í lé èèyàn. Àwọn ọkùnrin máa ń pé jọ síbẹ̀ láti ka ìwé ìròyìn láìrà á, wọ́n á sì máa jiyàn. N kò lọ ka nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ gbọ́ Yorùbá létí ni. Ọ̀rọ̀ wọn ya sí orí ṣíà lọ́jọ́ náà, ni mo bá bi Lékè pé ìwé ìròyìn Sọ́ńdè wo ló máa ń gbé iye ṣíà Sátidé. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Lékè ní ta ló sọ fún mi pé ọjà ṣíà ń ná ní Sátidé. Ó ní àwọn olówó ló nibẹ̀, wọ́n ń sinmi, pé tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Fúráídè wọ́n ti palẹ̀ mọ́. Ó ní kí n lọ wá iye ọjọ́ Fúráídè, pé inú ìwé ìròyìn Sátidé tàbí ti Mọ́ńdè ni yóò wà.

Ẹ dákun, ọjà wo ni kì í ná ní Sátidé? Nílé wa, bí ọjà bá bọ́ sí Sátidé, inú àwọn èèyàn á dùn. Ní Alábà níbí, Sátidé ni ẹ̀yìn mi máa ń fẹ́ kán. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ọjà kan wà láyé yìí tó máa ń lọ sinmi ní Sátidé. Kò sẹ́ni tó yọ ojúewé kankan. Kò fìgbà kan sí níbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Máláàmù ni mo gbà lọ tààrà. Mo dọ̀bálẹ̀ láàárín ìgbẹ́ àgbò, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní kí n dìde, ó bi mí bóyá mo ti jẹun. A jọ tú àwọn ìdì tó kù ní ìsàlẹ̀ pátápátá, àwọn tí èmi fúnra mi ti fi ọwọ́ mi jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a sì rí ti Sátidé náà kí oòrùn tó wọ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ bàbá mi wà níbẹ̀. Iye rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Máláàmù na ọwọ́ sókè, ó dúpẹ́ fún Ọlọ́run bí ẹni pé tirẹ̀ ni.

Mo gbé e lọ fún ọ̀gá ará Ẹ̀gbá. Ó fi gíláàsì sójú, ó gbé ìwé ìròyìn àárọ̀ ọjọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá mi, ó ń wo èyí, ó ń wo èyí. Ó ní kí n jókòó. Ó ní lọ́jọ́ tí bàbá mi tẹ̀ka, ojú ọjà dára, ṣíà àwọn wọ́n gan-an. Ó ní láti ìgbà tí ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣe oníke kò ti rọrùn láti kó wọlé mọ́, ìdajì ẹ̀rọ àwọn ló ń ṣiṣẹ́. Ó ní iye tí ẹ̀tọ́ bàbá mi ní ká fi rà á, ó ju ìlọ́po méjì iye tí ẹnikẹ́ni lè fi rà á ní ọjà lónìí. Ó ní bí mo bá fẹ́ rà á, òun kò lè dí mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá jẹ́ àbúrò òun, òun kò ní gbà fún mi. Ó wá fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ jáde, ó fi irú ìwé kan náà hàn mí. Tirẹ̀ ni. Òun náà kò rà á.

Àgbò ti wálẹ̀, ìyá mi. Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan bàbá mi, kò sẹ́ni tó rẹ́ wa jẹ. Kò kàn sí nǹkan kan níbẹ̀ ni. Ọdún sì ń parí lọ.

N kò sunkún níwájú ọ̀gá. Ọ̀nà Badagry ni mo ti sunkún, níbi tí ọkọ̀ ti pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó gbọ́. Ojú tì mí. Kì í ṣe ti páànù ilé nìkan. Mo rántí pé mo ti dìde láàárín àwọn èèyàn, mo ti sọ̀rọ̀, mo sì rí i pé pẹ̀lú ohun tí mo sọ yẹn, n kò ní lè wálé mọ́ láyé mi, nítorí ohun tí mo ní n óò mú bọ̀ kò sí. Mò ń ro bí Bàbá Kékeré yóò ṣe máa bèèrè. Mò ń ro bí ẹ̀yin yóò ṣe máa dáhùn fún mi ní ojú ọ̀nà odò, ní ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí, lọ́dọ̀ ẹlẹ́gàn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́.

Mo lọ sọ fún Máláàmù. Ó bi mí ìgbà tí n óò lọ sílé. Mo ní ọwọ́ wo ni n óò mú lọ. Ó ń fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀ tó ti funfun tán. Lẹ́yìn náà ló ní òun náà sọ nǹkan lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí òun ń kúrò nílé, ní apá Sókótó lọ́hùn-ún, pé òun kò tíì rí i ṣe, òun kò sì tíì padà. N kò bi í pé kí ló sọ. Mo kàn ń wo irùngbọ̀n náà. Ẹ̀rù bà mí gidigidi, ìyá mi, ju bí ó ti ń bà mí nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Èkó lọ.

Ìdí tí mo fi kọ èyí sínú ìwé ìròyìn nìyí. Tí mo bá fi lẹ́tà rán awakọ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ máa gbọ́, ẹ óò sì fi pamọ́ sínú aṣọ nítorí mi, ẹ óò tún máa purọ́ fún àwọn èèyàn pé ó kù díẹ̀. Mo fẹ́ kí Bàbá Tíṣà kà á síta lábẹ́ igi máńgòrò. Mo fẹ́ kí Bàbá Kékeré wà níbẹ̀, kí ẹlẹ́gàn wà níbẹ̀, kí gbogbo àwọn tó ṣe àmín lọ́jọ́ náà gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀tọ́ bàbá mi kò já sí nǹkan kan. Ilé yóò ṣì wà ní ojú fèrèsé. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín rẹ̀ tán ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ káàánú, kó káàánú rẹ̀ tán. Nítorí mò ń bọ̀ wálé, n kò gbé nǹkan kan dání, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi ìyá mi ní ìbéèrè kankan mọ́.

Ìyá mi, ẹ má se nǹkan ńlá dè mí. Ẹ kàn pe orúkọ mi nígbà tí mo bá wọlé.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín sí, ẹ̀yin ni ẹ óò jẹun ọmọ, ẹsẹ̀ tí ẹ fi ń rìn kò ní dùn yín. Ọlọ́run yóò tẹ́ bàbá mi sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ bá mi kí ará òkè, ẹ bá mi kí ará ìsàlẹ̀, ẹ kí àwọn ọmọ Sìdí tí n kò tíì rí. Ẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá bèèrè mi, ẹ sì kí ẹni tí kò bèèrè.

Èmi ni ọmọ yín,
Gàníyù Àjàní,
Òkòkómáíkò.